Ẹ bi chip léèrè kí ẹ tó ra jáàkì Ethernet

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni jáàkì Ethernet kan, ihò tí wọ́n ń ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀, fi dá mi dúró. Bọ́ọ̀dù microcontroller (kọ̀ǹpútà kékeré inú chip kan) ni mo ń ṣe, KSZ8081 ni chip Ethernet orí rẹ̀. Bí mo bá ki wáyà bọ̀ ọ́, link (ìsopọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) á wá, kò ní pẹ́ tí á tún fi lọ. Mo tún kóòdù kọ, mo pààrọ̀ wáyà, mo tún fi òjé jó gbogbo ẹsẹ̀ chip, pàbó ló já sí. Inú jáàkì ni ọ̀rọ̀ wà.

Tiransifọ́mà tó wà nínú jáàkì ló ń ya bọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà tó ń lọ síta: àmì ń kọjá, àmọ́ wáyà ìhà kan kò kan ti èkejì. Ìlànà IEEE 802.3 ní ó gbọ́dọ̀ lè fara da 1500 V fún ìṣẹ́jú kan. Ní agbedeméjì wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀ ni wọ́n ti fa ẹsẹ̀ kan jáde tó ń jẹ́ center tap, ibẹ̀ gan-an sì ni chip kọ̀ọ̀kan ti ní ohun tó fẹ́. LAN8720A, chip Ethernet mìíràn, fẹ́ kí center tap méjèèjì gba 3.3 V, pẹ̀lú resistor (ẹ̀yà tó ń dín iná kù) 49.9 Ω lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń gbé àmì. KSZ8081 kò fẹ́ iná kankan níbẹ̀. Ṣe ni kí ẹ ya center tap ti TD (ìhà tó ń fi àmì ránṣẹ́) kúrò lára ti RD (ìhà tó ń gba àmì), kí kálukú gba capacitor (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná díẹ̀) 0.1 µF tirẹ̀ lọ sí ground, ìyẹn ìlà òdo iná bọ́ọ̀dù. Jáàkì tí mo rà ti so méjèèjì pọ̀ láti inú, kò sì sí ọ̀nà tí mo fi lè tú u láti ìta.

Torí náà, datasheet chip (ìwé àlàyé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ) ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ wá fi àwòrán rẹ̀ wé ti jáàkì. Nínú ti jáàkì, ẹ wá 1CT:1CT (iye ìwé wáyà ìhà méjèèjì dọ́gba, center tap sì wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan) àti 350 µH (inductance wáyà tí wọ́n wé). Bí chip bá ní auto-MDIX (agbára láti pààrọ̀ ìhà ìfiránṣẹ́ àti ìgbà fúnra rẹ̀), ìhà TD àti ti RD gbọ́dọ̀ bára mu, torí wọ́n lè gba iṣẹ́ ara wọn ṣe.

Bí jáàkì bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ má tíì jó o mọ́ nǹkan kan. Ẹ yí mítà sí ibi tó ń dún bí iná bá lè kọjá. Láàárín TD+ àti TD−, ẹsẹ̀ méjèèjì ìhà TD, ó gbọ́dọ̀ dún. Láàárín TD+ àti RD+, kò gbọ́dọ̀ dún. Bó bá dún, wọ́n ti so center tap pọ̀ nínú nìyẹn. Ẹ tún fi ẹnu mítà kan kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nínú ihò, kí ẹ máa fi ẹnu kejì kan àwọn ẹsẹ̀ TD àti RD lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá dún, jáàkì lásán ni, kò ní tiransifọ́mà.

Jáàkì HR911105A ni mo ń lò báyìí: center tap rẹ̀ méjèèjì dá wà lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ LED (iná kékeré) rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sì jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí ṣe pàtàkì lórí LAN8720A, torí ẹsẹ̀ tó ń tan LED náà ni chip ń kà nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó lè mọ bó ṣe máa ṣiṣẹ́.

Ètò ẹsẹ̀ jáàkì kì í bára mu láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Mo máa ń tẹ àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí bébà ní ìwọ̀n gangan, kí n fi jáàkì gún un. Bí gbogbo ẹsẹ̀ bá wọlé geere, ìgbà yẹn ni mo tó máa fi àwòrán bọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́.