Ẹ gba ìwé ẹ̀rí kẹ́ ẹ tó sanwó: bẹ́ ẹ ṣe lè kó ẹ̀rọ iná wọlé láti Ṣáínà láìkó ayédèrú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀kísténṣọ̀n, ṣájà fóònù, fáànù oníbátìrì àbí ọjà sólà wọlé láti Ṣáínà kẹ́ ẹ máa tà á ní Àlàbá àbí Ìdúmọ̀tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó torí àmì tẹ́ ẹ rí lára páálí. Àmì kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó ń tẹ páálí lè tẹ ohun tó bá wù ú síbẹ̀. CE táwọn èèyàn fẹ́ràn jù yẹn, ti Yúróòpù ni, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú ilé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà ló sì máa ń fọwọ́ ara ẹ̀ lẹ̀ ẹ́, ó fi ń sọ pé òun tẹ̀lé òfin ibẹ̀ ni, kò pọn dandan kí lábù kankan ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tí súpúláyà bá fi fọ́tò páálí tó ní CE ránṣẹ́ sí yín lórí WeChat, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó fi test report, ìyẹn èsì àyẹ̀wò láti lábù, ránṣẹ́.

Orí stándáàdì kan, ìyẹn ìlànà tí ọjà gbọ́dọ̀ bá mu, ni test report máa ń dúró lé. Àwọn IEC, àjọ àgbáyé kan tó wà ní Geneva, ló ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fún ẹ̀rọ iná, látọdún 1906 ni wọ́n sì ti wà. Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, ẹ kọ tiyín sínú fóònù kẹ́ ẹ tó máa dúnàádúrà: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù àti fáànù, IEC 60335 ni. Ṣájà, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà, IEC 62368-1, tí wọ́n bá gbé 60950 fún yín ẹ má gbà á, èyí ti di àtijọ́, 62368 ti gbapò ẹ̀. Gílóòbù LED, IEC 62560. Bátìrì lithium inú power bank, IEC 62133. Inverter sólà, IEC 62109. Páńẹ́ẹ̀lì sólà, IEC 61215 àti 61730, àwọn méjèèjì lẹ máa béèrè o, torí ọ̀kan ń wò ó bóyá páńẹ́ẹ̀lì yẹn á lálòpẹ́, ìkejì ń wò ó bóyá kò ní gbé èèyàn àbí kó dáná sun ilé.

Ìwé tó dáa jù tẹ́ ẹ lè gbà ni ti CB. Ètò IECEE, ẹ̀ka IEC tó ń rí sí ìwé ẹ̀rí, ni, orílẹ̀-èdè tó ju 50 lọ ló wà nínú ẹ̀, lábù tí wọ́n fọwọ́ sí á tẹ́ẹ̀sì ọjà lẹ́ẹ̀kan, àwọn orílẹ̀-èdè yòókù á sì gba èsì yẹn wọlé. Ìwé méjì ló máa ń jẹ́, sátífíkéètì fẹ́ẹ́rẹ́ kan àti rípọ́ọ̀tù tó nípọn, ibi tọ́rọ̀ sì ti ń dójú rú ni pé sátífíkéètì nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. Inú rípọ́ọ̀tù ni fọ́tò inú ẹ̀rọ wà, ibẹ̀ náà ni orúkọ àwọn páàtì tó ṣe kókó wà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jókòó tì í. Ẹ ka nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì lẹ́tà lẹ́tà, tí ti inú ìwé bá parí sí 20A tí ti ìdí ẹ̀rọ sì parí sí 20B, ìwé yẹn kì í ṣe ti ọjà yẹn, àfi tí wọ́n bá kọ 20B náà síbẹ̀. Ẹ wo volt, iná tiwa 230 volt ni, 50 Hz. Ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí alágbàtà lè yá ìwé ilé iṣẹ́ ẹlòmíì lò. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ sórí ìkànnì IECEE, ibẹ̀ lèèyàn ti lè wá sátífíkéètì CB, ẹ tẹ nọ́ńbà ẹ̀ síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó wà. Tó bá jẹ́ rípọ́ọ̀tù lábù lásán tí kì í ṣe CB, ẹ béèrè bóyá lábù náà ní àṣẹ ISO/IEC 17025, èyí tó ń fi hàn pé lábù mọ iṣẹ́ àyẹ̀wò ṣe, kẹ́ ẹ sì kọ ímeèlì sí wọn fúnra yín. Àdírẹ́sì tí súpúláyà bá fún yín, ẹ má lò ó, ẹ wá tiwọn rí.

Nílé wa níbí, SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ló ni SONCAP, ìyẹn ètò ìwé ẹ̀rí fún ọjà tó ń wọlé láti òkè òkun. Ohun tó ń jẹ owó àwọn èèyàn jù ni pé wọ́n á ti kó ọjà sínú kọ̀ńtánà kí wọ́n tó máa wá SONCAP kiri. Rárá o! Product Certificate tí wọ́n ń pè ní PC ló ṣáájú, òun lẹ máa mú lọ sí báǹkì láti ṣí Form M, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń forúkọ ẹrù tó ń bọ̀ sílẹ̀, Form M sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọjà tó kúrò lọ́hùn-ún. Àwọn ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò tí SON fún láṣẹ, irú Intertek, SGS àti Cotecna, ló ń ṣe PC, test report tẹ́ ẹ gbà yẹn ni wọ́n máa yẹ̀ wò, tí kò bá mọ́yán lórí wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ tẹ́ẹ̀sì ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa sanwó ẹ̀. Ìwé kejì ni SONCAP Certificate, ìyẹn SC. PC wà fún irú ọjà, SC wà fún ẹrù kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá kó, òun sì ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín ní Apápá àbí Tin Can. Kọ̀ńtánà tó bá dúró síbẹ̀ torí ìwé, demurrage, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lórí kọ̀ńtánà tó bá pẹ́, ò ní bá yín dúró.

Fóònù, router àti nǹkan tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ tún máa wo type approval, ìyẹn ìwé àṣẹ irú ẹ̀rọ, ti NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀. Ọjà tí wọ́n bá ṣe nílé níbí, MANCAP, ìwé ẹ̀rí SON fún ọjà ilé, ni tiẹ̀.

Ìwé nìkan ò tó o, torí sáńpù tí wọ́n fi tẹ́ẹ̀sì lè dáa kí èyí tí wọ́n máa dì fún yín má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹyọ kan ránṣẹ́ látinú èyí tó ti wà nínú páálí, kẹ́ ẹ mú síkúrúdíráfà. Plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tá à ń lò, stándáàdì BS 1363 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, torí náà rípọ́ọ̀tù BS 1363 lẹ máa béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì tó kúrú máa ní rọ́bà dúdú tó bò wọ́n dé bí ìdajì, ẹsẹ̀ gígùn tó jẹ́ ti earth, ìyẹn ọ̀nà tí iná tó bá ṣìnà ń gbà lọ sínú ilẹ̀, ò gbọ́dọ̀ ní rọ́bà kankan tó bò ó, tẹ́ ẹ bá rí i lára ẹ̀, ayédèrú ni, torí rọ́bà yẹn ò ní jẹ́ kí earth kan ohun tó yẹ kó kàn nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ti ṣájà tó ní àmì onígun mẹ́rin méjì, tí ọ̀kan wà nínú ìkejì, yàtọ̀ o, irú èyí ò nílò earth, ẹsẹ̀ earth tiẹ̀ lè jẹ́ rọ́bà lódidi, kò burú.

Ẹ wá tú ẹ̀kísténṣọ̀n. Àwọn pẹlẹbẹ tó ń gbé iná nínú ẹ̀, idẹ ló yẹ kó jẹ́, ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn, tó bá lẹ̀ mọ́ ọn irin ni wọ́n kùn ní àwọ̀ idẹ. Ẹ ka wáyà, mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ bá: búráwùn, búlúù, àti gíríìnì tó ní ìlà yẹ́lò. Mo ti tú èyí tó ní ojú earth lókè, àmọ́ wáyà méjì péré ló wọ inú ẹ̀, ojú earth yẹn ò so mọ́ nǹkan kan. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ẹni tó bá rà á á gbé fíríìjì sí i, fíríìjì alára irin, ọmọ ilé á fọwọ́ kàn án, kò sì sí earth tó máa gbé iná lọ.

Tó bá jẹ́ wáyà róòlù lẹ fẹ́ kó, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Wáyà bàbà 2.5 mm² tó pé mítà 100, bàbà inú ẹ̀ nìkan tó kílò 2.2, a ò tíì ka rọ́bà o, tí gbogbo róòlù bá wá jẹ́ kílò kan àtààbọ̀, ẹ dá a padà. Ẹ tún fi mítà iná wọ̀n ọ́n láti ìdí dé orí. IEC 60228 ní wáyà inú ilé, tí kì í ṣe èyí tó ń rọ̀ bíi ti ẹ̀kísténṣọ̀n, kò gbọ́dọ̀ ju 7.41 ohm lọ lórí kìlómítà kan, ìyẹn bíi 0.74 ohm fún róòlù yín, ooru Èkó lè gbé e dé nǹkan bíi 0.77. Ẹ kọ́kọ́ pa ẹnu wáyà mítà méjèèjì pọ̀, ohun tó bá kà lẹ máa yọ kúrò. Kẹ́ ẹ sì ha ẹnu wáyà náà, tí inú bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà wé ni.

Tí ẹrù bá ti wọlé, ẹ tọ́jú ẹyọ kan nínú ẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà SC sí i lára. PC, SC, rípọ́ọ̀tù àti ìnfọ́ìsì, inú fáìlì kan ní ṣọ́ọ̀bù ni kí gbogbo ẹ̀ wà, torí tí àwọn SON bá wọ ọjà wọn ò ní gbà pé ìwé wà lọ́dọ̀ ejẹ́ńtì. Àwọn tó ń rà lọ́wọ́ yín lọ́pọ̀ láti lọ tún tà, ẹ fún wọn ní fótókópì kí wọ́n tó kúrò níwájú yín.