Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ kí n san owó ẹnubodè lórí ìwé kan ṣoṣo: ìrírí mi

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń wá ìwé atúmọ̀ èdè kan. Apá méjì ni, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́, bí ẹnìkan bá sì gbé e jáde fún títà, kì í pẹ́ tí ẹlòmíì á fi rà á lọ. Nígbà tí mo rí i lórí ìkànnì ọjà kan, lọ́wọ́ ontàjà tó wà lókè òkun, díẹ̀ ló kù kí n sanwó lójú ẹsẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sí ibi owó ìfiránṣẹ́ ló dá mi dúró.

Ontàjà náà kì í fúnra rẹ̀ fi ẹrù ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ètò ìfiránṣẹ́ ti ìkànnì ọjà náà ló ń lò. Òun á fi ẹrù ránṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan nílẹ̀ tirẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á kọ ìwé ẹnubodè, wọ́n á sì gbé e lé ilé iṣẹ́ agbẹ́rù tí yóò gbé e sọdá ààlà lọ́wọ́. Ẹni tó rajà ti san gbogbo rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀rẹ̀: owó ọjà, owó ìfiránṣẹ́, owó ẹnubodè. Mi ò kórìíra irú ètò yìí. Bí kò bá sí i, ọ̀pọ̀ ontàjà ni kò ní í tajà fún ará òkèèrè rárá, torí wàhálà ìwé ẹnubodè ń bà wọ́n lẹ́rù. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹrù á máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ mìíràn, tí ọ̀rọ̀ bá sì dojú rú, oníkálukú á ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun ni.

Kí n tó sanwó, mo bẹ ontàjà ní nǹkan méjì. Ó ti pín ìwé náà sí ọjà méjì, apá kìíní lọ́tọ̀, apá kejì lọ́tọ̀, owó ìfiránṣẹ́ méjì sì ni ètò náà ń ka fún mi. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó sọ wọ́n di ọjà kan. Ó ṣe é lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti sanwó, ètò náà kì í pa wọ́n pọ̀ mọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ páálí. Ìwé méjèèjì kò ju kílò mẹ́ta lọ, àmọ́ kílò mẹ́fà ni wọ́n ń gba owó rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu títí mo fi ṣe ìṣirò náà fúnra mi. Àwọn agbẹ́rù kì í wo ìwọ̀n nìkan, wọ́n ń wo àyè tí páálí ń gbà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n á fi ìbú sọ gígùn di púpọ̀, wọ́n á tún fi gíga sọ ọ́ di púpọ̀, ní sẹ̀ǹtímítà, ọ̀pọ̀ nínú wọn á wá pín in sí 5000. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú iye yẹn àti ìwọ̀n gidi ni wọ́n á gbowó lé. Páálí tí ontàjà kọ sílẹ̀ jẹ́ 40 lọ́nà 30 lọ́nà 25: 30,000 tí a pín sí 5000, kílò mẹ́fà gééré. Mo bi í bóyá ó lè rí páálí tó jẹ́ 30 lọ́nà 25 lọ́nà 15. Ìyẹn kò tó kílò méjì àbọ̀, nítorí náà ìwọ̀n gidi, kílò mẹ́ta, ni wọn yóò lò. Ó ní òun ní irú rẹ̀ nílé. Owó ìfiránṣẹ́ já wálẹ̀ kíá.

Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ páálí yìí o. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, orí iye ọjà nìkan kọ́ ni àwọn aṣọ́bodè ti ń ṣírò owó wọn. Wọ́n á fi owó ọkọ̀ àti owó ìdáàbòbò kún un kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, á tún wá gun orí gbogbo rẹ̀. (Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà kì í ka owó ọkọ̀ náà mọ́ iye tí wọ́n ń ṣírò owó ẹnubodè lé lórí.) Afẹ́fẹ́ inú páálí tó tóbi jù lè tipa bẹ́ẹ̀ di ohun tí èèyàn ń san owó ẹnubodè lé lórí.

Mo sanwó. Iye owó ẹnubodè wà níbẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo, wọn ò tú u palẹ̀, èmi náà ò sì béèrè. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe.

Nọ́ńbà tí ontàjà fún mi láti fi tọpa ẹrù bá mi dé ilé ìkẹ́rùsí, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ètò náà wá fún mi ní nọ́ńbà mìíràn, kò sí ibi tí mo tẹ̀ ẹ́ sí tí wọ́n mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà tí àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ káríayé jọ ń lò máa ń ní àmì 13: lẹ́tà méjì, òǹkà mẹ́sàn-án, lẹ́tà méjì tó ń sọ orílẹ̀-èdè tí ẹrù ti gbéra. Tèmi kò jọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Nọ́ńbà tí ètò náà ń lò láàárín ara wọn ni. Nọ́ńbà ti agbẹ́rù gan-an wà nísàlẹ̀, ní abẹ́ ìlà kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó ṣí.

Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé ẹrù ti wọ orílẹ̀-èdè mi. Lọ́jọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: kí n san owó ẹnubodè kí wọ́n tó gbé e wá fún mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́yìn ọjọ́ méje wọn yóò dá a padà.

Ara mi gbóná. Mo kọ̀wé sí ètò náà, wọ́n ní kí n bi agbẹ́rù. Agbẹ́rù ní kí n bi ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́. Ontàjà bá mi kẹ́dùn, ó sì fi rìsíìtì ilé ìkẹ́rùsí hàn mí: ẹrù ti kúrò lọ́wọ́ òun. Nínú àdéhùn ètò náà, mo kà á pé ẹrù tó bá padà kì í dé ọ̀dọ̀ ontàjà mọ́. Ìwé tí mo fi ọdún mẹ́ta wá lè sọnù sínú ilé ìkẹ́rùsí kan báyìí.

Mo jáwọ́ nínú bíbéèrè ìdí tí wọ́n fi ń gbowó. Mo kọ̀wé sí agbẹ́rù pé kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé ẹnubodè ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n sì fi ọjọ́ kún ọjọ́ méje náà nítorí pé mò ń jiyàn owó náà. Wọ́n ṣe méjèèjì. Ìwé yẹn ló tú gbogbo rẹ̀ fó.

Lẹ́tà mẹ́ta wà lókè rẹ̀: DAP. Nínú òwò àgbáyé, DAP túmọ̀ sí pé ẹni tó gba ẹrù ni yóò san owó ẹnubodè. DDP ló yẹ kó wà níbẹ̀, èyí tó fi hàn pé ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ ti gbé owó náà sọ́rùn ara rẹ̀. Agbẹ́rù kò purọ́, ohun tí wọ́n kọ fún un ló ń tẹ̀ lé.

Nísàlẹ̀, mo rí nọ́ńbà tí wọ́n fi pín ọjà náà sí ìsọ̀rí: 4820. Ìlànà ìpínsísọ̀rí yìí, HS, láti ọ̀dọ̀ Àjọ Aṣọ́bodè Àgbáyé, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1988, ó sì lé ní 200 orílẹ̀-èdè àti agbègbè tó ń lò ó. 4820 ni ti ìwé tí a ń kọ nǹkan sí: ìwé ìṣirò owó, ìwé àjákọ, ìwé ìrántí. Ìwé tí a ń kà wà ní 4901, ìwé atúmọ̀ èdè sì ní àyè tirẹ̀ gan-an, 4901.91. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Lábẹ́ Àdéhùn Florence tí UNESCO gbé kalẹ̀ ní 1950, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i kì í gba owó ẹnubodè lórí ìwé kíkà. (VAT jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀.) Orílẹ̀-èdè mi wà lára wọn. Owó ẹnubodè àkọ́kọ́ gan-an, èyí tí mo ti san fún ètò náà, kò yẹ kí n san án.

Lẹ́tà méjì ni mo kọ, ọ̀kan fún ètò náà, ọ̀kan fún agbẹ́rù. Nínú ti agbẹ́rù, ọ̀rọ̀ DAP nìkan ni mo sọ, mo sì so rìsíìtì tó fi hàn pé mo ti san owó ẹnubodè mọ́ ọn. Nínú ti ètò náà, mo sọ méjèèjì, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ẹnubodè, àwòrán èèpo ìwé náà àti àlàyé 4901.91. Mi ò fi ẹ̀hónú kankan kún un. Mo ti fi ẹ̀hónú ránṣẹ́ ní ìgbà mẹ́ta ṣáájú, ìdáhùn tí ẹ̀rọ kọ ni mo sì ń gbà.

Lọ́jọ́ kẹta, agbẹ́rù pa gbèsè náà rẹ́, ó ní ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ ni òun yóò bi. Páálí dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ kejì rẹ̀, igun kan ti tẹ̀ wọnú, ṣùgbọ́n ontàjà ti fi bébà tó nípọn yí ìwé méjèèjì ká. Mo ṣí apá kejì, mo ń ka àwọn ojú ìwé títí dé òpin. Kò sí èyí tó já.

Owó ẹnubodè tí mo kọ́kọ́ san wọlé padà sí àkáǹtì mi lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún. VAT tí wọ́n ṣírò lé owó yẹn ni wọn ò tíì dá padà. Mo fi lẹ́tà mìíràn ránṣẹ́ lánàá.