Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú àbá dídá nípa fíìmù Star Wars tí kò tíì jáde

Àwọn àgbà ní àbá níí di òótọ́. Tí àbá bá dá lórí fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò, díẹ̀ ló ń di òótọ́, nítorí ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Rogue One la ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀ka tó yà lára ìtàn ńlá Star Wars ni, ó jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2016, a sì ti mọ bó ṣe parí. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó yáa lọ wò ó ná.

Àṣìṣe tó burú jù lọ ni kéèyàn mú fídíò ìpolówó bí ẹni pé fíìmù gan-an ló wò. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 2016 ni ìpolówó àkọ́kọ́ jáde. Nínú rẹ̀ ni Jyn Erso, akọni obìnrin fíìmù náà, ti ń fi yangàn lójú àwọn olórí ọlọ̀tẹ̀ pé ọlọ̀tẹ̀ lòun náà. Ọ̀rọ̀ yẹn gbòde kan, àwọn èèyàn sì tibẹ̀ ṣàlàyé ìwà Jyn látòkè délẹ̀. Kò sí nínú fíìmù. A tún rí Jyn àti Cassian, ọlọ̀tẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń sáré létí òkun pílánẹ́ẹ̀tì Scarif, tí àwòrán ìkọ́lé Death Star, ohun ìjà ràgàjì tó lè pa odindi pílánẹ́ẹ̀tì run, wà lọ́wọ́ wọn. Òun náà kò sí níbẹ̀. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n kó àwòrán ìkọ́lé náà pamọ́ sí jìnnà sí òpó tí wọn yóò ti fi í ránṣẹ́, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń sáré. Nígbà tí wọ́n tún apá kan yà láàárín ọdún 2016, tí Tony Gilroy wá dá sí iṣẹ́ tí Gareth Edwards ń darí, wọ́n pa ibi méjèèjì pọ̀ sínú ilé gogoro kan ṣoṣo. Eré sísá di aláìnídìí. Wọn kò purọ́ nígbà tí wọ́n ya àwòrán yẹn. Ìtàn ló yẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá ń yẹ ìpolówó wò, ẹ pín ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tójú rí, ohun tétí gbọ́, àti ohun tí ẹ fi kún un fúnra yín. Ọ̀nà kẹta ló sábà máa ń gùn jù. Ẹ má so ohùn mọ́ àwòrán tó bá a rìn àfi tí ẹ bá rí i tí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń mì, torí àwọn tó ń gé fíìmù máa ń gbé ọ̀rọ̀ inú ìran kan lé orí òmíràn. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó jáde sí i. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ láàárín ìpolówó àkọ́kọ́ yẹn àti fíìmù fúnra rẹ̀.

Orúkọ fíìmù náà máa ń tanni. Nígbà tí wọ́n kéde Rogue One ní 2015, àwọn kan ti parí ọ̀rọ̀ pé ìtàn àwọn awakọ̀ ogun Rogue Squadron ni. Àṣé Bodhi, awakọ̀ ẹgbẹ́ Jyn, ni yóò ṣàdédé fi orúkọ náà pe ọkọ̀ wọn nígbà tí wọ́n bi í léèrè.

Àwọn mìíràn gbára lé ìtàn àtijọ́. Nínú géèmù Dark Forces ti 1995, Kyle Katarn wà lára àwọn tó jí àwòrán ìkọ́lé Death Star, nítorí náà wọ́n ń retí Kyle. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹrin 2014 ni Lucasfilm, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Star Wars, ti kó àwọn ìwé àti géèmù àtijọ́ sábẹ́ orúkọ Legends, tí wọn kò sì de fíìmù tuntun mọ́. Èyí tó tún wá pani lẹ́rìn-ín ni ti àwọn Bothan, ẹ̀yà kan nínú Star Wars tí àwọn kan ń retí nínú Rogue One. Lóòótọ́ ni wọ́n kú nítorí ìròyìn Death Star, àmọ́ Death Star kejì ni, nínú Return of the Jedi, fíìmù ti 1983. Kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ kan ti àbá lẹ́yìn, ẹ padà lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́.

Ayé Star Wars gbòòrò, síbẹ̀ àwọn olólùfẹ́ ń ṣe é bí agbo ilé kan ṣoṣo. Jyn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú ni, wọ́n ti sọ ọ́ di ìyá Rey, akọni obìnrin fíìmù The Force Awakens. Ká má purọ́, Darth Vader, ọ̀tá tó wá já sí bàbá akọni Luke, ló kọ́ wa ní irú èrò bẹ́ẹ̀. Tí a bá ṣírò ọjọ́ orí, ó ṣeé ṣe, nítorí nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn ìtàn Rogue One ni wọ́n bí Rey. Àmọ́ ohun tó ṣeé ṣe kì í ṣe ẹ̀rí. Jyn kú sí Scarif, òun àti gbogbo àwọn tó bá a lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ pé Disney tó ni Lucasfilm “kò ní gbà” kí gbogbo wọn kú, Gary Whitta tó kọ ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ náà rò bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ kí Jyn yè nínú tirẹ̀. Wọ́n gbà.

Ní báyìí, Starfighter wà lára àwọn fíìmù Star Wars tó ń bọ̀, èyí tí Shawn Levy ń darí tí Ryan Gosling sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2027 ni wọ́n kéde pé yóò jáde. Ẹ má fi ọ̀nà Rogue One dá àbá rẹ̀. Ògiri wà níwájú Rogue One: fíìmù Star Wars àkọ́kọ́ ti 1977 ti sọ pé àwọn amí jí àwòrán ìkọ́lé náà, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ Leia, ọmọ ọba tó wà lára àwọn ọlọ̀tẹ̀. Starfighter wà ní nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìtàn The Rise of Skywalker, àwọn ẹ̀dá ìtàn tuntun ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí fíìmù kankan níwájú tó dènà dè é. Bí ẹ bá rí àbá Starfighter tó ní “ó gbọ́dọ̀ jẹ́” nínú, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ pé fíìmù wo ló mú un ní dandan.