Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣàbẹ̀wò sí Visegrád ní Họ́ńgárì

Nǹkan bíi 40 kìlómítà ni Visegrád sí Budapest, létí odò Danube. Bọ́ọ̀sì láti Újpest-Városkapu, ibùdókọ̀ kan ní Budapest, ló dára jù, inú ìlú gan-an ló ń já èèyàn sí. Ẹni tó bá wọ rélùwéè ní Nyugati, ibùdó rélùwéè kan ní Budapest, òdìkejì odò ni yóò sọ̀ sí. Kó tètè wo àkókò ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dúró pẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ gun òkè lọ sí odi tí Ọba Béla Kẹrin kọ́ lẹ́yìn tí àwọn Mongol ya wọ Họ́ńgárì ní 1241. Ọ̀nà igbó náà ga, ó sì máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò: bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀.

Ààfin Ọba Matthias wà nísàlẹ̀. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n máa ń tì í. Orísun omi màbù pupa inú àgbàlá rẹ̀ rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n àwòkọ ni. Inú ilé ni kí ẹ ti wá àfọ́kù ti àtijọ́.