Ẹ Má Gbé Yànmọ̀tí Mì Lódidi

Yànmọ̀tí, rídì tí àwọn Hausa ń fi kóńgò wọ̀n ní Sábó níbí ní Òṣogbo, kò kéré lóore. Bí ìdajì rẹ̀ ni òróró, purotéènì inú gíráàmù 100 rẹ̀ sì ń lọ sí bíi gíráàmù 18. Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ ni kò dáa.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ká da ṣíbí kan sẹ́nu, ká fi omi lé e bí ẹni lo oògùn. Hóró náà kéré, eyín kì í rí i mú dáadáa, èèpo rẹ̀ sì le. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á kàn bá ìgbẹ́ jáde bó ṣe wọlé. Ẹ fọ yanrìn ara rẹ̀ kúrò, ẹ sá a, ẹ yan án nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná díẹ̀, kí ẹ wá lọ̀ ọ́. Bó bá ti ń ta sókè, tí òórùn rẹ̀ ti jáde, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èyí tó bá dúdú á korò.

Òmíràn ni ọ̀rọ̀ egungun. Wọ́n á ní kálísíọ̀mù rẹ̀, èròjà tó ń mú egungun le, ju ti mílíìkì lọ. Lóòótọ́, gíráàmù 100 èyí tí a kò bó ní tó mílígíráàmù 975. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ gíráàmù 100? Ṣíbí ìjẹun kan kò ju gíráàmù 9 lọ, kò sì lè fún yín ju bíi mílígíráàmù 88, nígbà tí àgbàlagbà nílò bíi 1,000 lójúmọ́. Inú èèpo ni púpọ̀ nínú kálísíọ̀mù náà wà, ó sì so mọ́ èròjà kan tí kì í jẹ́ kí ara tètè gbà á. Ẹni tó wá lọ ra èyí tí wọ́n ti bó, tó funfun báláú, nítorí egungun, ọ̀dọ̀ ẹni tó bó o ló fi ohun tó ń wá sí. Ẹ má torí yànmọ̀tí pa wàrà àti ẹja wẹ́wẹ́ tì o.

Bí ẹ bá fẹ́ kí purotéènì rẹ̀ pé, orí ẹ̀wà ni kí ẹ bù ú sí. Ohun tí yànmọ̀tí kò ní tó, ẹ̀wà ní in. Ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ á jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, tó wà nínú yànmọ̀tí lò; tíì kò ní jẹ́ kó rí i lò dáadáa.

Ẹ má bu púpọ̀ sínú ògì ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ara àwọn kan kọ̀ ọ́ débi pé ojú á wú, èémí á sì máa há. Òfin Amẹ́ríkà kà á mọ́ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2023.

Ẹni tó bá polówó rẹ̀ fún yín nínú ọkọ̀ Ọlá-Ìyá pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa lo oògùn dókítà yín lọ.

Ìwọ̀nba tí ẹ máa jẹ ni kí ẹ lọ̀. Èyí tó bá pẹ́ nílẹ̀, tó ń rùn bí òróró àtijọ́, ẹ dà á nù.