Bí Mo Ṣe Wá Hydrogen Peroxide Rí Nínú Ewé Tó Ń Gbó

Ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí hydrogen peroxide (H2O2) nínú ewé Arabidopsis. Èpò lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ òun ni ewéko tí wọ́n kọ́kọ́ ka àkójọ jíìnì rẹ̀ tán, lọ́dún 2000.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbìn wọ́n ní ìpele ìpele. Àwọn kan ṣì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ igi òdòdó, àwọn kan ti so. Ewé ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbó, nítorí náà ewé tó wà ní ipò kan náà ni mo já lára gbogbo wọn.

DAB, kẹ́míkà tó máa ń pọ́n níbi tó bá ti kan H2O2, ni mo lò. Mílígíráàmù rẹ̀ 1 ni mo pò sínú mìlílítà omi 1, mo sì ro ásíìdì sí i torí kì í fẹ́ yọ́. Ìbọ̀wọ́ ò kúrò lọ́wọ́ mi, nítorí wọ́n fura pé DAB lè fa jẹjẹrẹ. Mo ri ewé sínú rẹ̀, mo fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú ewé jáde kí oògùn lè ráyè wọlé, mo wá gbé e pamọ́ sínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ni mo sè é nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù títí àwọ̀ ewéko fi bọ́ tán. Ibi tí H2O2 wà á pọ́n rúsúrúsú. Mo fi fítámì C, tó ń pa H2O2, sínú ti àwọn ewé kan. Àwọn yẹn kò pọ́n, ọkàn mi sì balẹ̀ pé ohun tí mò ń wá ni mo rí.

Ewé àwọn tó ń yọ igi òdòdó ló pọ́n jù!

Ẹ má pe H2O2 tó ga yìí ní ìbàjẹ́ lásán. Ewéko fúnra rẹ̀ ló ń ṣètò rẹ̀. Prótéènì GBF1 ló ń tẹ jíìnì CAT2 mọ́lẹ̀ lákòókò yẹn, CAT2 ló sì ń ṣe catalase tó ń tú H2O2 ká. Bí catalase bá ti dín, H2O2 á ga, á sì jí jíìnì WRKY53. Prótéènì WRKY53 á wá dì mọ́ DNA, á máa darí àwọn jíìnì mìíràn, kí ewé lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara rẹ̀ palẹ̀, kí náítírójìn inú rẹ̀ lè lọ bọ́ irúgbìn. Ewéko tí kò ní WRKY53 máa ń pẹ́ kí ewé rẹ̀ tó gbó.

Mo tún ṣe é lára èyí tí kò ní GBF1. Igi òdòdó rẹ̀ yọ, ewé rẹ̀ kò pọ́n bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀.