Ẹ Gba Èsì Fáírà Lóòdù Kẹ́ Ẹ Tó Yọ Kọ́ńdọ̀mù

Ìwé yìí wà fún tọkọtaya Abẹ́òkúta tí ẹnìkan nínú wọn tàbí àwọn méjèèjì ní HIV, tí wọ́n sì ń wá ọmọ. Bí wọ́n ṣe ń lo oògùn, ẹ ti mọ̀ ọ́n, a ò ní padà síbẹ̀. Èyí tó ti sú wa láti máa sọ ni pé ìyàwó á sanra díẹ̀, ọkọ á ní ara òun ti le, wọ́n á ní "ó ti lọ nìyẹn", wọ́n á sọ kọ́ńdọ̀mù nù. Ta ló fi sísanra ka kòkòrò rí? Àyẹ̀wò fáírà lóòdù nìkan ló ń ka iye ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa fà lápá, tí wọ́n bá sì fà á tán ẹ padà wá gba èsì, ẹ má tìtorí ọjà Láfẹ́nwá jẹ́ kó máa gba eruku nínú fáìlì.

Ẹ máa lo oògùn lọ títí èsì á fi sọ pé wọn ò rí kòkòrò mọ́, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù 6 ó kéré tán. Kò tán nínú ara o, ó sá pamọ́ ni. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ tí ò fo oògùn, kò lè kó o ran ẹnìkejì níbi ìbálòpọ̀.

Tí ọjọ́ orí bá ń lé yín, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ò ní HIV lè lo PrEP, oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn kó o, táblẹ́ẹ̀tì 1 lójúmọ́, tó bá jẹ́ obìnrin kó ti lò ó fún ọjọ́ 21 kẹ́ ẹ tó yọ kọ́ńdọ̀mù. Tó bá jẹ́ ìyàwó nìkan ló ní in, ọkọ lè da àtọ̀ sínú kọ́ọ̀bù tó mọ́, kẹ́ ẹ fi sírínjì tí ò ní abẹ́rẹ́ fi í sójú ara ìyàwó, ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọmọ lẹ̀ ń wá.

Tóyún bá dúró, ẹ ò gbọdọ̀ dá oògùn dúró, ẹ má sì fi àgbo rọ́pò ẹ̀. Fẹ́sọ́léètì, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún yín, máa ń dí TLD, oògùn HIV yín, lọ́wọ́: tẹ́ ẹ bá ń lo TLD láago 8 alẹ́, ẹ lo fẹ́sọ́léètì láago 2 ọ̀sán, àbí kẹ́ ẹ gbé méjèèjì mì pọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ.

Tó bá jẹ́ ìyá ló ní HIV, ọmọ á máa mu nevirapine, oògùn tí ò ní jẹ́ kó kó o, fún ọ̀sẹ̀ 6, nígbà yẹn náà ni wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ ẹ̀ láti fi wò ó bóyá ó ní in. Ọmú nìkan fún oṣù 6, kò sómi, kò sí àgbo. Tó bá pé oṣù 18, ẹ gbé e padà wá fún tẹ́ẹ̀sì ìkẹyìn.